Gẹ̀gẹ̀ Kọ́ Ni Dókítà Ń Wá: Ọ̀rọ̀ Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Tó Ṣàjèjì Nínú Iṣẹ́ Abẹ Ọrùn

Nígbà tí dókítà sọ fún àbúrò ìyá mi kan, tí ó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, pé kí ó lọ ya àwòrán CT ọrùn rẹ̀, èyí tí ẹ̀rọ fi ń fi inú ara hàn, kí àwọn tó yọ gẹ̀gẹ̀ tí ó ti ń gbé kiri fún ọdún 11, ọ̀rọ̀ náà kò yé e rárá. Ó ní, "Dókítà, ọmọ mi, ṣé ẹ kò rí i ni? Gẹ̀gẹ̀ tí àwọn oníbàárà mi ń rí láti òdìkejì títì, kí ni a tún fẹ́ fi ẹ̀rọ wá níbẹ̀?" Dókítà náà rẹ́rìn-ín, ó fi ìka kan ìsàlẹ̀ ọrùn ara rẹ̀, níbi tí kòtò kékeré wà lókè egungun àyà, ó ní, "Màmá, gẹ̀gẹ̀ yín kọ́ ni mo ń wá. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ àti nísàlẹ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ mọ̀ kí n tó débẹ̀." Owó tí Màmá ti kó jọ láti fi ra ọjà ni yóò bá àwòrán náà lọ, nítorí náà òun kò rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti wọ́pọ̀ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, nítorí pé ibi tí a ti ń ya àwòrán inú ara ti ń pọ̀ sí i, àwọn dókítà sì ń béèrè fún un níbi tí àwọn tó ṣáájú wọn kì bá tí béèrè. Àwọn kan ń sọ ọ́ ní gbangba pé ọ̀nà àtijẹ ni, pé dókítà àti ẹni tó ni ẹ̀rọ jọ ń pín owó náà ni. Èmi kò ní sọ pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ níbì kankan rí. Ṣùgbọ́n ní ti ọrùn, ìdí tí oníṣẹ́ abẹ fi ń fẹ́ mọ bí inú rẹ̀ ṣe rí kí ó tó fi abẹ kàn án lágbára ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe rò lọ: iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọrùn kò gba ojú ọ̀nà kan náà lára gbogbo ènìyàn, ẹni tí kò bá sì retí ìyàtọ̀ yìí lè gé ohun tí kò yẹ kí ó gé.

Èdè wa fúnra rẹ̀ ń dá kún ìdàrúdàpọ̀ náà díẹ̀. "Iṣan" ni a ń pe okùn líle tó so ẹran mọ́ egungun. "Iṣan" náà ni a ń pe ọ̀pá tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. "Iṣan" kan náà ni a tún ń pe fọ́nrán tó ń gbé àṣẹ láti inú ọpọlọ lọ sí ẹ̀yà ara. Bí ẹnì kan bá wá ní "wọ́n ti gé iṣan rẹ̀ lọ́rùn," ẹni tó ń gbọ́ kò mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ni yóò dà ni, tàbí ohùn ni yóò lọ. Nínú àlàyé yìí, iṣan àlọ ni mo ń pe èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn, tí a máa ń gbọ́ tó ń lù kì-kì-kì lábẹ́ ìka. Iṣan àbọ̀ ni èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sínú ọkàn. Iṣan ohùn sì ni fọ́nrán tó ń mú kí gògóńgò ṣiṣẹ́, tí kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀ rárá.

Ọrùn kò fẹ̀, ẹrù tó ń gba ibẹ̀ kọjá kò sì kéré. Ọ̀nà èémí wà láàárín, ó le, ó sì ní òrùka-òrùka. Ọ̀nà oúnjẹ fara tì í lẹ́yìn, ó rọ̀ bí aṣọ tó rin. Táírọ́ìdì, ẹran kékeré tó rí bí labalábá, tí í máa ń wú tó bá di gẹ̀gẹ̀, lẹ̀ mọ́ iwájú ọ̀nà èémí. Ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni iṣan àlọ ńlá tí wọ́n ń pè ní karótìdì wà, tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ojú àti ọpọlọ, iṣan àbọ̀ tó tóbi jù lọ nínú ọrùn sì ń bá a rìn ní ẹ̀gbẹ́ òde. Ní ẹ̀yìn pátápátá, nínú ihò tó wà lára àwọn egungun ọrùn, ni iṣan àlọ mìíràn fara pamọ́ sí, òun náà ń lọ sí ọpọlọ. "Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run" ni àwọn àgbà fi ń bá alájẹkì wí, ṣùgbọ́n bí oníṣẹ́ abẹ bá yá òwe náà lò, kò ṣì í lò.

Ohun tí ìwé ẹ̀kọ́ ń kọ́ni ni pé òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó jáde láti inú ọkàn tẹ̀ kọdọrọ nínú àyà, ẹ̀ka mẹ́ta sì yọ lára rẹ̀ lọ sókè. Ẹ̀ka àkọ́kọ́ kọrí sí ọ̀tún, kò sì pẹ́ tó fi pín sí méjì, ọ̀kan fún apá ọ̀tún, ọ̀kan fún ìhà ọ̀tún orí. Ẹ̀ka kejì ni karótìdì òsì. Ẹ̀ka kẹta ni ti apá òsì. Òótọ́ ni pé bẹ́ẹ̀ ló rí lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe gbogbo ènìyàn, ìka ọwọ́ pàápàá kò dọ́gba. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó ń kọ́ nípa ẹ̀yà ara lára òkú, yálà ní UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tó wà ní Oǹdó, ni o tàbí níbòmíràn, kì í rí ju òkú kan tàbí méjì tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ là lọ. Bí ọrùn òkú yẹn bá bá ìwé mu, ó lè gba ìwé yẹn gbọ́ títí dé ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ yóò ta sí i lójú láti ibi tí ìwé ní kò sí nǹkan kan.

Àwọn alápatà mọ èyí ju bí a ṣe rò lọ. Mo dúró ti ọ̀kan lára wọn ní odò ẹran láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Àkúrẹ́, mo sì ní kí ó là mí lóye bí inú ọrùn màlúù ṣe rí. Ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ti ọ̀rá sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi ọ̀nà èémí funfun tó ní òrùka hàn mí, ó gbé ọ̀nà oúnjẹ sókè, ó wá ki àtàǹpàkò bọ inú iṣan àlọ kan tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí ẹnu rọ́bà omi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibi tí èyí yà sí lónìí kọ́ ni ti àná yà sí. Èmi kì í gbára lé e. Ọwọ́ ni mo fi ń wá a kí n tó gé." Mo kàn ń rántí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí nígbà tí mo ń gbọ́ tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ń sọ nípa irú ẹ̀ka kan tí wọ́n fi orúkọ màlúù pè, níbi tí karótìdì òsì ti yọ láti ibi kan náà pẹ̀lú ẹ̀ka àkọ́kọ́, dípò kí ó dá yọ. Orúkọ náà kò tilẹ̀ bá a mu, nítorí pé lára màlúù gan-an, òpó kan ṣoṣo ló yọ sókè tí gbogbo ẹ̀ka yòókù fi ń ti ara rẹ̀ jáde. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ kò bá alápatà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìrísí náà wọ́pọ̀, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ju láàárín àwọn aláwọ̀ funfun lọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ wa ni.

Ibo ni ìyàtọ̀ yìí ti ń wá? Inú oyún ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹjọ, nígbà tí ọmọ ṣì kéré gan-an, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì-méjì yọ ní ìhà ọrùn rẹ̀ bí ìbú àtẹ̀gùn, wọn kò sì yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àwọn kan ti ń yọ ni àwọn kan ń gbẹ, èyí tó bá ṣẹ́kù ni yóò di karótìdì, tàbí òpó ńlá inú àyà, tàbí iṣan apá. Bí èyí tó yẹ kó gbẹ bá kọ̀ tí kò gbẹ, tàbí tí èyí tó yẹ kó dúró bá gbẹ, ẹ̀jẹ̀ yóò wá ọ̀nà mìíràn gbà, nítorí ọmọ kò lè dúró de ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe àrùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ní irú iṣan bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń bímọ, wọ́n ń darúgbó, wọ́n sì ń kú láìmọ̀ pé ohunkóhun yàtọ̀ lára wọn. Ọjọ́ tí abẹ bá dé ọrùn ni ọ̀rọ̀ ń yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan tó kan àwọn tó ní gẹ̀gẹ̀ ní tààràtà. Iṣan àlọ méjì ló máa ń bọ́ táírọ́ìdì ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti òkè, ọ̀kan láti ìsàlẹ̀, oníṣẹ́ abẹ sì mọ ibi tí yóò ti wá wọn, tí yóò so wọ́n, kí ó tó gé. Ṣùgbọ́n láàárín ẹni 3 sí 10 nínú 100, iṣan kan tún wà tó ń gòkè bọ̀ láti inú àyà, tó gba iwájú ọ̀nà èémí gan-an, tó sì wọ ìsàlẹ̀ táírọ́ìdì. Johann Neubauer, ará Jámánì, ló ti ṣàpèjúwe rẹ̀ láti ọdún 1772, orúkọ tí wọ́n sì ń pè é ní èdè Látìnì kò ju "èyí tó wà nísàlẹ̀ jù lọ" lọ. Ó lè tín-ín-rín bí òwú, ó sì lè tóbi débi pé òun ló ń ṣe iṣẹ́ iṣan ìsàlẹ̀ tí kò sí. Ewu rẹ̀ wà nínú ibi tó ti wá. Bí a bá gé e láìmọ̀, orí tó já yóò sún padà lọ sẹ́yìn egungun àyà, níbi tí ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ kò tó, ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa ti ìsàlẹ̀ ru bọ̀ bí omi kànga. Ẹni tó ti rí i nínú àwòrán ṣáájú yóò kọ́kọ́ wá a, yóò so ó ní ojú kan, iṣẹ́ yóò sì máa lọ.

Ibòmíràn tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni ibi tí kò ti sí àyè fún àwòrán. Ẹni tí jàǹbá ọ̀kadà bá fọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ti dí i lẹ́nu tí kò lè mí, lè nílò kí wọ́n dá ihò sí iwájú ọrùn rẹ̀ wọ inú ọ̀nà èémí, kí wọ́n sì ki rọ́bà bọ̀ ọ́. Òrùka kejì sí ìkẹta ọ̀nà èémí ni wọ́n sábà máa ń lò. Bí wọ́n bá lọ sísàlẹ̀ jù, wọn yóò sún mọ́ ẹ̀ka àkọ́kọ́ tí mo mẹ́nu bà lókè, èyí tó kọrí sí ọ̀tún. Lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, inú àyà ni ẹ̀ka yìí ń gbé. Lára àwọn kan, ó ga débi pé ó gba orí ọ̀nà èémí kọjá nínú ọrùn, lókè egungun àyà. Èyí kì í sì í ṣọ̀wọ́n lára ọmọdé. Ohun tó tún burú síbẹ̀ ni pé bí wọ́n bá fi ìrọ̀rí sábẹ́ èjìká aláìsàn kí ọrùn rẹ̀ lè nà, bí wọ́n ti máa ń ṣe, ńṣe ni iṣan náà ń bá ọrùn gòkè sí i.

Kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ abẹ nìkan ni ewu ọ̀hún mọ. Rọ́bà tó bá ń ha iṣan yẹn láti inú ọ̀nà èémí fún ọjọ́ púpọ̀ lè lu ú, èyí sì máa ń ṣẹlẹ̀ jù láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́. Kò wọ́pọ̀, kò tó ẹnì kan nínú 100 àwọn tí a dá ihò sí lọ́rùn, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣẹlẹ̀, àwọn tó ń yè é kò pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ máa ń kọ́kọ́ jáde nígbà mìíràn, tí yóò sì dá fúnra rẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ńlá yóò dé. Ẹbí tó ń tọ́jú aláìsàn bẹ́ẹ̀ nílé gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ pupa tó bá ti ẹnu rọ́bà jáde, bó ti wù kó kéré tó, kì í ṣe ohun tí a ń fi aṣọ nù tí a sì ń dákẹ́ lé lórí. Ilé-ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Kí wọ́n tó gé ọrùn ẹni tí kò sí àyè fún àwòrán, ohun tí ọwọ́ lè ṣe ṣì wà níbẹ̀: kí dókítà fi ìka sí kòtò ìsàlẹ̀ ọrùn kí ó sì gbọ́ bóyá nǹkan kan ń lù níbi tí kò yẹ kó ti máa lù. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Alápatà mi kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí tó yà mí lẹ́nu jù, nítorí pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ó ṣàjèjì níbẹ̀ ṣùgbọ́n ohùn ni ó ń bá a lọ. Ní ọdún 1794, dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Bayford, tẹ ìròyìn jáde nípa obìnrin kan tí oúnjẹ kò lọ dáadáa lọ́fun rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí tó fi kú. Nígbà tí wọ́n la òkú rẹ̀, wọ́n rí i pé iṣan àlọ tó ń lọ sí apá ọ̀tún rẹ̀ kò yọ níbi tó yẹ. Ìhà òsì ló ti yọ, lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ka yòókù, ó wá gba ara ọ̀nà oúnjẹ sọdá sí ọ̀tún, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bayford ní ìṣẹ̀dá ló ń ṣẹ̀fẹ̀, orúkọ tí wọ́n sì fún iṣan náà títí dòní ti inú ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ yẹn wá. Ó tó nǹkan bí ẹnì kan nínú 100 tó ní i, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní ìṣòro oúnjẹ kankan.

Kí wá ni ó kan iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀? Iṣan ohùn ìhà ọ̀tún máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí, yóò yí po iṣan apá ọ̀tún bí ìgbà tí ọmọdé fi okùn kọ́ ẹ̀ka igi, yóò sì padà gòkè wọ gògóńgò. Lára àgùnfọn, ìrìn àlọ àti àbọ̀ yìí gùn tó mítà mélòó kan, nítorí ohun tí kò ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lọ bí ó bá gba ọ̀nà tààrà. Bí iṣan apá ọ̀tún kò bá wá sí níbi tó yẹ, kò sí ẹ̀ka igi tí okùn yóò kọ́. Iṣan ohùn yóò kàn ti ẹ̀gbẹ́ ọrùn gba tààrà wọ gògóńgò, yóò sì dábùú ibi tí oníṣẹ́ abẹ ti ń retí iṣan ẹ̀jẹ̀ kékeré nìkan. Ẹni tó ń wá a nísàlẹ̀ kò ní rí i. Èyí tó rí lókè, yóò rò pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ni, yóò so ó, yóò gé e. Aláìsàn yóò jí pẹ̀lú ohùn tó ti há. Bí ti òsì náà bá sì fara gbá, mímí gan-an lè di ìṣòro.

CT kì í fi iṣan ohùn hàn, ó tín-ín-rín jù. Ṣùgbọ́n ó ń fi iṣan apá hàn kedere, ibi tí iṣan apá bá sì gbà ni yóò sọ ibi tí iṣan ohùn wà. Síkáànù lásán, irú èyí tí a fi ń wo aboyún, tó bá wà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, lè wò ó bóyá ẹ̀ka àkọ́kọ́ ìhà ọ̀tún pín sí méjì bó ti yẹ tàbí kò pín. Mo ka èyí sí ọ̀kan lára àwọn ọgbọ́n tó dára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: ohun tí ojú kò lè rí, a ń ti ara aládùúgbò rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Àwọn ìyàtọ̀ mìíràn wà tí a kò bí mọ́ni. Ọjọ́ orí àti ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń mú kí karótìdì gùn, kí ó sì lọ́ bí ejò, nígbà mìíràn tí yóò fi lọ fara ti ẹ̀yìn ọ̀fun, débi pé bí àgbàlagbà náà bá ya ẹnu, ènìyàn lè rí i tó ń lù lẹ́yìn ahọ́n. Ẹni tó bá lọ gé nǹkan tàbí tú ooyún níbẹ̀ láìwò ó, irin rẹ̀ ti dé ojú iṣan ọpọlọ. Èyí wà lára ìdí tí mi ò fi lè gbọ́ pé ẹnì kan gbé ọmọ lọ fún wànzám láti gé belubelu kí n má bẹ̀rù. Ẹni yẹn kò ní iná, kò ní àwòrán, kò sì ní ohun tí yóò fi dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ní ti egungun ọrùn, ẹni tó bá já láti orí ọ̀pẹ tàbí igi kòkó lè nílò iṣẹ́ abẹ níbẹ̀, iṣan tó fara pamọ́ sínú ihò egungun sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti egungun kẹfà lára nǹkan bí ẹni 90 nínú 100. Lára àwọn yòókù, ó lè wọlé láti ìkarùn-ún, ìkẹrin tàbí ìkeje. Níbi tí kò bá tíì wọ ihò, ìta gbangba ló wà, kò sí egungun tó bò ó.

Gẹ̀gẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ń yí ilé padà. Táírọ́ìdì tó ti wú fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń ti karótìdì sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò tẹ iṣan àbọ̀ pẹlẹbẹ, yóò sì mú kí àwọn iṣan kéékèèké tó ń bọ́ ọ wú tó ìka ọwọ́ ọmọdé. Bí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀ wọ àyà, ẹnikẹ́ni kò lè fi ọwọ́ mọ òpin rẹ̀. Iyọ̀ tí ìjọba Nàìjíríà ti ń mú kí wọ́n fi ayodíìnì sí láti ọdún 1993 ti ṣe bẹbẹ, ṣùgbọ́n gẹ̀gẹ̀ kò tíì tán láàárín wa, àwọn tó sì ti ń fi ìborùn bo tiwọn fún ọdún 10 sí 20 nítorí ìbẹ̀rù abẹ ni inú ọrùn wọn máa ń lọ́jú pọ̀ jù.

Ìbẹ̀rù wọn kò ṣàìní ìdí. Nígbà tí Theodor Kocher bẹ̀rẹ̀ sí í yọ táírọ́ìdì ní ìlú Bern ní Switzerland lẹ́yìn ọdún 1872, ó ju ẹni 10 lọ nínú 100 tó ń kú sí i, ẹ̀jẹ̀ sì wà lára ohun tó ń pa wọ́n. Kocher kò sáré. Ó ń so iṣan kọ̀ọ̀kan kí ó tó gé e, ó ń jẹ́ kí ojú iṣẹ́ rẹ̀ gbẹ débi pé ó ń rí ohun tó ń ṣe, títí tí iye àwọn tó ń kú fi dínkù tí kò pé ẹnì kan nínú 100. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1909. Kò sí CT nígbà náà. Nítorí náà, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pé àwòrán kọ́ ni ó ń gba ẹ̀mí là, ọwọ́ tí kò kánjú ni. Àwòrán kàn ń sọ fún ọwọ́ yẹn ibi tó ti yẹ kó rọra jù ni.

Ṣé gbogbo ọrùn ló wá nílò CT? Èrò tèmi ni pé rárá. Gẹ̀gẹ̀ kékeré tí a lè fi ìka méjì mú ìsàlẹ̀ rẹ̀, lára ẹni tí a kò ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́rùn rí, síkáànù lásán tó ọ, owó rẹ̀ kò sì tó ti CT. Ṣùgbọ́n bí gẹ̀gẹ̀ bá ti wọ àyà, tàbí tí wọ́n ti gé ibẹ̀ nígbà kan rí, tàbí tí ohùn ti há kí abẹ tó débẹ̀, tàbí tí wọ́n ń fura sí jẹjẹrẹ, tàbí tí egungun ọrùn ni wọ́n fẹ́ tún ṣe, ẹni tó bá ní kí a dín owó kù níbẹ̀ kò gbani nímọ̀ràn rere. Ní ti fífi rọ́bà sí iṣan àbọ̀ ọrùn fún àwọn tó wà ní ìtọ́jú líle tàbí tí wọ́n ń fọ kíndìnrín wọn, ọ̀rọ̀ ti yanjú tipẹ́: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2002 ni NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú níbẹ̀, ti gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa fi síkáànù wo ibi tí abẹ́rẹ́ ń lọ, nítorí pé lára àwọn kan, iṣan àbọ̀ náà gun orí karótìdì dípò kí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ohun tí aláìsàn lè ṣe kò kéré. Kí ó sọ fún dókítà bí oúnjẹ bá ti ń há a lọ́fun láti kékeré, bí ó bá ń gbọ́ ohun tó ń lù níbi kòtò ọrùn, bí wọ́n bá ti gé e lọ́rùn rí kódà bó jẹ́ ìgbà ọmọdé, àti gbogbo oògùn tó ń lò, títí kan aspirin àti àgbo, nítorí pé òmíràn nínú wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wákàtí 24 àkọ́kọ́ ni kí ẹni tó bá jókòó tì í má sùn lé. Ẹni 1 tàbí 2 nínú 100 ni ẹ̀jẹ̀ máa ń dà sí lábẹ́ ojú ọgbẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ táírọ́ìdì, ohun tó sì ń pani níbẹ̀ kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ tán lára; ẹ̀jẹ̀ tó kó jọ ló ń fún ọ̀nà èémí pa. Bí ọrùn bá ń wú sí i, tí aláìsàn ń ní ó ń fún òun, tí kò lè dùbúlẹ̀, tí èémí rẹ̀ ń dún, kí wọ́n pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má dúró de dókítà tó ń bọ̀ láàárọ̀. Okùn tí wọ́n fi rán ojú ọgbẹ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yóò tú lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ tó kó jọ lè jáde.

Màmá ya àwòrán náà níkẹyìn, lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti fi owó díẹ̀ kún tirẹ̀. Kò sí iṣan àjèjì kankan nínú rẹ̀. Iṣan kọ̀ọ̀kan gba ibi tí ìwé ní kó gbà, àfi pé gẹ̀gẹ̀ náà ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn egungun àyà ju bí wọ́n ti rò lọ, wọ́n sì ti múra sílẹ̀ fún un. Nígbà tí a ka èsì náà fún un, ó ní, "Kò rí nǹkan kan? Ṣé wọn yóò wá dá owó mi padà ni?" Ìhà ọ̀tún ni wọ́n yọ fún un. Wọ́n fi ìhà òsì sílẹ̀ nítorí pé kò tíì wú, wọ́n sì sọ fún un pé bí ó bá di ọjọ́ kan tí wọn yóò padà wá síbẹ̀, wọn yóò nílò fíìmù yẹn. Ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ rẹ̀ ní Òkè-Àró, nínú àpò ìwé ńlá, ó fi ọ̀rá wé e nítorí ibi tí òrùlé ń jò, kò sì sí ọmọ kankan nínú ilé tó láyà láti fọwọ́ kàn án.